Okùn méjì ò wọlé dáadáa sínú ampù: ṣé pickup ló kú ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá mi ní pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn lọ sínú ampù) tiẹ̀ nínú látìgbà tí mo ti rà á, èyí tó máa ń wà lábẹ́ saddle yẹn, ègé pẹlẹbẹ tí okùn ń gùn lórí, ó sì ní preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn pickup sókè) lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú fọ́lúùmù, béèsì, mídù, tírẹ́bù àti tuner tó ń sọ bóyá okùn wà ní ohùn ẹ̀. Tí mo bá ń ta á lásán, gbogbo okùn ló ń dún dọ́gba, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti so ó mọ́ ampù báyìí, okùn kìíní àti ìkejì, àwọn tó tín-ín-rín jù, á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, okùn kẹfà tó nípọn jù á sì máa pariwo lé wọn lórí. Mo ti pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ gìtá ta dáadáa ní pickup ti kú, kí n yáa lọ ra òmíì. Ṣé kí n rà á?

* * *

Má tíì ra nǹkan kan o, àbúrò. "Pickup ti kú" yìí, ẹnu máa ń yá àwa èèyàn jù láti sọ ọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì náwó lé e lórí, kí n tó wá mọ̀ pé ara pickup le koko, ibi tó jókòó sí ni ò dáa.

Ohun tó wà lábẹ́ saddle yẹn, wáyà pẹlẹbẹ kan ni tí piezo wà nínú ẹ̀. Kì í gbọ́ ohùn bí maikirofóònù ṣe ń gbọ́ ọ, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀. Tẹ̀ ẹ́, iná táṣẹ́rẹ́ á jáde lára ẹ̀, jọ̀wọ́ ẹ̀, iná yẹn á tún yí padà. Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ṣàwárí ẹ̀ nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1880, kò sì tíì yí padà látìgbà yẹn. Okùn kẹfà tó o bá ta, á máa gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn kìíní nǹkan bí 330, gbogbo gbígbọ̀n yẹn ni saddle á máa tẹ̀ mọ́ wáyà yẹn lórí. Tí apá kan saddle bá wá léfòó, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n irun orí, okùn tó wà lókè ibẹ̀ ò ní lẹ́nu mọ́.

Òótọ́ ni pé piezo máa ń kú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kírísítà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún okùn kan, ọ̀kan nínú wọn sì lè kú kí ìyókù máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kú lọ́jọ́ kan náà? Ó ṣọ̀wọ́n.

Kí n bi ẹ́ ná: ṣé o ti yọ saddle yẹn rí?

* * *

Kó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n ti sọ̀rọ̀ lórí ohun táwọn èèyàn ti ń sọ fún un nísàlẹ̀ ìbéèrè ẹ̀, torí mo ti rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìmọ̀ràn pín sí, kò sì sí èyí tó bá a mu níbẹ̀.

Àwọn kan ní bátìrì ni. Rárá o, bátìrì kì í ṣa okùn. Bátìrì fóltì mẹ́sàn-án (9V) tó bá ti ń rẹ̀ máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pa pọ̀ ni: ohùn á tẹ́ẹ́rẹ́, tó o bá ta á kíkankíkan á máa há bí ẹni tó ń ya aṣọ, lẹ́yìn náà á rọra pòórá. Kò sí bátìrì tó máa sọ pé òun ò bá okùn kìíní ṣe.

Àwọn kejì ní kó gbé tírẹ́bù sókè. Tó o bá gbé tírẹ́bù sókè, ariwo ọwọ́ àti ariwo ṣíì lo máa gbé sókè. Ohun tí kò wọlé látìsàlẹ̀, bọ́tìnnì ò lè dá a.

Àwọn tó ní kó pààrọ̀ okùn, mo mọ ibi tọ́rọ̀ yín ti wá. Pickup olóòòfà, èyí tí wọ́n máa ń há sójú ihò gìtá, lẹ ń lò. Òòfà ò mọ bíróǹsì, írínì tó wà láàárín okùn nìkan ló ń rí, ìdí ẹ̀ rèé tí okùn kìíní àti ìkejì tí wọn ò wé nǹkan kan mọ́ fi máa ń pariwo ju àwọn tó kù lọ lára irú pickup bẹ́ẹ̀. Ẹ wá kíyè sí i, òdìkejì ohun tó ń ṣe gìtá àbúrò wa gan-an nìyẹn. Fún ẹ̀yin olóòòfà, tí pickup yín bá ní ìdè kéékèèké (súkúrù) lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra yí ti okùn kìíní àti ìkejì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ ta á, kẹ́ ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ tún yí i. Ti piezo ò ní irú ìdè yẹn. Saddle fúnra ẹ̀ ni ìdè tiẹ̀.

* * *

Ó ti dé: "Áà, ẹ̀gbọ́n. Mo yọ ọ́ lóṣù tó kọjá. Okùn ga jù, ìka ń dùn mí, mo wá fi sáńpépà ha ìdí saddle yẹn kí okùn lè wálẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ ni mo ha o. Ṣé ìyẹn náà ni?"

Ìyẹn náà ni. Mi ò tíì rí gìtá náà o, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n fi fìlà mi dúró, màá fi dúró.

O ò ṣe nǹkan tó burú, ìdí saddle ló yẹ kéèyàn ha, kì í ṣe orí ẹ̀. Bó o ṣe ha á ni kí á wò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀: o di saddle mú lọ́wọ́ kan, o di sáńpépà mú lọ́wọ́ kejì, o wá ń hà á síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ èèyàn ò tẹ́. Bó o ṣe ń tì í lọ, ọwọ́ ẹ á máa yí díẹ̀, orígun méjèèjì á jẹ ju àárín lọ, tàbí kí apá ibi tó o ti ń bẹ̀rẹ̀ jẹ ju òdìkejì lọ. Lójú, ó tẹ́. Gbé e lé dígí kan, kó o tan iná sẹ́yìn ẹ̀, kó o wá fojú ẹ sílẹ̀ wò ó. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni okùn kìíní àti ìkejì ẹ wà.

Bó o ṣe máa tún un ṣe nìyí. Yọ wáyà ampù kúrò lára gìtá kọ́kọ́. Dẹ okùn, kò pọn dandan kó o yọ ọ́ pátá kúrò níbi tó o ti ń yí i lórí gìtá, tó o bá ní kápò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń fún okùn mọ́ ọrùn gìtá, fi dè é mọ́ ọrùn ẹ̀ kó má lọ́ jára wọn. Yọ àwọn èèkàn kéékèèké tó di okùn mú lórí bridge, igi tí saddle wọ̀ sí. Fi pẹ́ńsùlù sàmì sí apá ibi tí okùn kẹfà wà kó o tó fa saddle jáde, torí orí ẹ̀ kò dọ́gba, tó o bá dá a padà sódì, gìtá ò ní bára mu mọ́, wàá tún wá máa bú tuner. Fà á sókè tààrà, má yí i.

Lẹ sáńpépà oní-nọ́ńbà 220 mọ́ orí dígí tàbí ohunkóhun tó o mọ̀ dájú pé ó tẹ́, tábìlì onígi kì í sábà tẹ́ o. Fi pẹ́ńsùlù kun gbogbo ìdí saddle láti orígun dé orígun. Wá nǹkan tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró ṣánṣán, kó o fi saddle tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa tẹ̀, kó o wá máa fà á sápá kan ṣoṣo, má tì í padà. Fà á bíi mẹ́ta, yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí pẹ́ńsùlù ti kọ́kọ́ pa rẹ́ ni ibi tó ga, ibi tó kù sí ni kòtò. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, fi 400 dán an díẹ̀, ó parí. Tó o bá ń bẹ̀rù pé okùn á tún wálẹ̀ jù: mìlímítà kan tó o bá ha kúrò nídìí saddle, nǹkan bí ìdajì mìlímítà ló máa mú okùn wálẹ̀ ní fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá) kejìlá. Ohun tó o fẹ́ ha yìí ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìka ẹ ò ní mọ̀ ọ́n.

* * *

Mo gbàgbé kòtò tí saddle ń wọ̀, ibẹ̀ gan-an ló mú mi rí.

Gìtá mi àkọ́kọ́ tó ní pickup, okùn kẹrin ni kì í dún dáadáa. Mo ra preamp tuntun odindi, mo gé igi ẹ̀gbẹ́ gìtá kó lè gbà á, mo bà á jẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo so gbogbo ẹ̀ pọ̀, okùn kẹrin ò dún. Ọjọ́ tí mo wá yọ saddle láìro nǹkan kan, ègé igi kan tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló wà lábẹ́ wáyà piezo. Mo fẹ́ ẹ jáde. Okùn kẹrin ké bí àkùkọ. N kò sọ fún ẹnì kankan fún bí ọdún méjì.

Nítorí náà, tó o bá ti yọ saddle, tan iná sínú kòtò yẹn. Gbá a mọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Wo ìpẹ̀kun tí wáyà ti ń gba ihò wọ inú gìtá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ká a ní ká líle, á wá hùkù sókè, á gbé etí saddle dìde. Rọra fà á láti inú gìtá kó sùn, má fi tipá fà á, ó máa ń já níbi tó ti tẹ̀ yẹn gan-an, tó bá sì já, ọ̀rẹ́ ẹ wá jàre nìyẹn.

Saddle gbọ́dọ̀ wọ kòtò ẹ̀ bí dúrọ́ọ̀ ṣe ń wọ tábìlì, ìka ló yẹ kó fi wọlé, ìka ló yẹ kó fi jáde. Àwọn kan fẹ́ kó há pinpin, wọ́n ní bó bá ṣe há tó ni ohùn á ṣe dáa tó. Fún gìtá tí kò ní pickup, ẹ lè máa wí bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò bá yín jà. Fún èyí tó ní piezo nísàlẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ saddle bá ti há mọ́ igi, igi ló ń gba ẹrù, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ò ní dé ìdí. Tó bá sì tún ṣò jù, okùn á fà á tẹ̀ síwájú, etí kan ìdí ẹ̀ nìkan ni yóò fi jókòó.

Ẹnìkan ti fẹ́ sọ fún un pé kó ká bébà sábẹ́ ibi tí kò dún. Mo mọ̀ yín. Fún àyẹ̀wò, ó dáa, ó tiẹ̀ yá: tó o bá fi bébà pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ tí okùn wá jí, o ti mọ̀ dájú pé pickup ò kú. Àmọ́ kì í ṣe ìwòsàn. Bébà á tẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wàá tún padà síbi tó o ti ń bọ̀. Ẹni tó sì ní kó fi gúlù lẹ saddle mọ́lẹ̀, Ọlọ́run á dárí jì ẹ́.

* * *

Ìbéèrè míì já wọlé láàárín: "Tèmi yàtọ̀. Gbogbo okùn ń dún, àmọ́ tí mo bá ti mira báyìí, á máa ta pàràpàrà, nígbà míì á dákẹ́ pátá. Ìyá àgbà ni mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Ẹ má dá wọn lóhùn, mà. Jáàkì ni, ibi tẹ́ ẹ ń ki wáyà bọ̀ nídìí gìtá. Ẹ fọwọ́ mú un, tó bá ń yí, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti dẹ̀. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣe é ṣìṣe ni pé wọ́n á kàn fi sípánà yí nọ́ọ̀tì ìta, jáàkì náà á máa bá a yí nínú, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á máa lọ́ bí okùn kànga títí wọ́n á fi já. Lára ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá ti yọ nọ́ọ̀tì ìta tó bo òkè ẹ̀, ẹ máa rí ihò kékeré kan tó gba inú jáàkì kọjá. Ẹ ki ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò yẹn kẹ́ ẹ fi dì í mú gírígírí, ẹ wá yí nọ́ọ̀tì tó sún mọ́ igi. Tó bá ti ń ta pàràpàrà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ wáyà ampù yín wò pẹ̀lú gìtá míì kẹ́ ẹ tó dá gìtá lẹ́bi.

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá yí fọ́lúùmù nìkan ló ń ta, eruku ni. Ẹ pa ampù, ẹ yí bọ́tìnnì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ogún ìgbà. Tí kò bá lọ, ẹ fi oògùn tí wọ́n ń fi fọ ojú iná sí i, ẹ̀kán kan, kì í ṣe epo ẹ̀rọ o.

Ẹ tún mọ èyí: jáàkì yẹn náà ni suwíìṣì bátìrì. Bí wáyà bá ti wọlé, preamp ti tàn nìyẹn, bẹ́ ẹ ta á, bẹ́ ò ta á. Ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ lára gìtá mọ́jú ti ń jẹ bátìrì. Ìdí kan náà ni wáyà sítẹ́ríò, èyí tí orí ẹ̀ ní ìlà dúdú méjì, fi lè mú kí gìtá yadi: suwíìṣì yẹn lè má pàdé. Ìlà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò.

Ní ti àríyànjiyàn pé ṣé kéèyàn yọ bátìrì kúrò tó bá ti ta gìtá tán, èmi kì í yọ ọ́. Wáyà ni mo máa ń yọ. Àfi tí gìtá bá máa wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan, torí bátìrì tó bá jò sínú preamp, omi ẹ̀ máa ń jẹ írínì.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n fìdí bọ́tìnnì múlẹ̀, torí ó ti ń di ìjà lábẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ní òun máa ń gbé béèsì, mídù àti tírẹ́bù sókè tán, "kí ohùn lè kún". Ohùn ò kún, ó wú ni. Àárín gbùngbùn ni kí gbogbo ẹ̀ wà kọ́kọ́, kó o wá máa gé, má fi kún. Ohùn bíi rọ́bà tí wọ́n fà tí wọ́n wá jọ̀wọ́ ẹ̀ tí gbogbo wa ń bínú sí lára piezo, mídù ló pọ̀ sí jù, ní nǹkan bí 1000 Hz (gbígbọ̀n ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè. Gé ibẹ̀ díẹ̀ kó o tó kan nǹkan míì, kó o sì dẹwọ́ tó o fi ń lu okùn, torí kíkankíkan ló ń mú un jáde.

Híhu ńkọ́, ìyẹn ìgbà tí sípíkà bá ń ké hùù fúnra ẹ̀? Inú gìtá ní ohùn tiẹ̀ bíi ti ìkòkò. Lára gìtá ńlá, ó máa ń wà ní nǹkan bí 100 Hz, kò jìnnà sí okùn karùn-ún tó jẹ́ 110 Hz. Tí sípíkà bá ti rán ohùn yẹn padà sí i, ojú gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra ẹ̀. Béèsì ni kó o kọ́kọ́ gé. Tí preamp bá ní notch, bọ́tìnnì tó ń gé ohùn ibì kan ṣoṣo, yí i títí wàá fi gbọ́ ibi tí híhu ti rọlẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń dí ojú ihò náà dáa, ó ba ohùn gìtá jẹ́ fún ẹni tó jókòó tì ẹ́, àmọ́ èyí tó ń ti abẹ́ saddle jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àwọn tó ń ta níwájú sípíkà ló sì wà fún.

Arákùnrin tó ní bọ́tìnnì phase, èyí tó ń yí ìgbì ohùn gìtá sódì, ò ṣe nǹkan kan, ó kàn wà fún ẹwà: ìgbà tí híhu ò sí lo tẹ̀ ẹ́. Tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń hu. Tó o bá sún ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó lè jẹ́ òdìkejì ló máa wá dáa jù, torí jíjìn tó o jìn sí sípíkà wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó gbàgbé.

Ẹni tí gìtá ẹ̀ ní piezo tí kò ní preamp rárá, tó ní ó ń dún bí rédíò kékeré nígbà tóun so ó mọ́ míksà tààrà, kì í ṣe gìtá ẹ, ojú ihò míksà yẹn ló fa gbogbo béèsì ẹ̀ mu. Piezo fẹ́ ibi tí agbára ìdènà ẹ̀ tó mílíọ̀nù ohm kan, ó kéré tán. Ojú ihò line lára míksà sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún ohm mẹ́wàá sí ogún. Wá DI (àpótí kékeré tó ń mú ohùn gìtá bá míksà mu) tó ń lo iná tàbí preamp kékeré sáàárín, kí wáyà tó wà láàárín gìtá àti ẹ̀ sì kúrú.

* * *

Àbúrò ti padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é. Pẹ́ńsùlù kọ́kọ́ pa rẹ́ láàárín nìkan, bẹ́ ẹ ṣe wí gan-an. Okùn kìíní ti jí pátápátá! Ìkejì náà dún, ṣùgbọ́n kò tíì tó ìyókù. Ṣé kí n tún ha á?"

Má tún fọwọ́ kan sáńpépà. Tún okùn ṣe dé ohùn wọn, fi gìtá sílẹ̀ mọ́jú, kí saddle lè jókòó dáadáa lórí wáyà yẹn, kó o tó dájọ́. Tó bá di ọ̀la tí okùn kejì ò tíì gòkè, wo bó ṣe gun orí saddle kó tó wọ ihò èèkàn. Ó yẹ kó tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa lẹ́yìn saddle. Tó bá kàn ń sùn lọ gbọọrọ, kò ní tẹ saddle mọ́lẹ̀ tó. Nígbà míì èèkàn ni kò wọlé dé ìsàlẹ̀, tí orí okùn há sókè. Yọ ti okùn kejì nìkan, tún un kì, fa okùn sókè kí orí ẹ̀ fi há mọ́ igi lábẹ́, kó o tó tẹ èèkàn wọlé.

* * *

"Èèkàn ni, ẹ̀gbọ́n! Orí okùn há sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo wọn ti dọ́gba báyìí. Ọ̀rẹ́ mi yẹn gbọ́ ọ lálẹ́ àná, ó ní òun ti sọ fún mi, pé pickup tuntun ló yàtọ̀ yẹn, ó wá ń bi mí orúkọ èyí tí mo rà."

Fún un ní sáńpépà tó kù.